Òǹdè ogun, òṣìṣẹ́ tàbí ẹrú? Àlàyé lórí iṣẹ́ ipá ní àwọn ibùdó ìgbà ogun

Nígbàkigbà tí ìròyìn bá gbé e pé orílẹ̀-èdè méjì tó ń bá ara wọn jagun ti pààrọ̀ àwọn òǹdè, tàbí tí àwòrán bá jáde níbi tí àwọn ọmọ ogun tí ọwọ́ ọ̀tá tẹ̀ ti ń gbẹ́lẹ̀ tàbí tí wọ́n ń ru igi, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan á ní ìwà ọ̀daràn ni kí wọ́n mú òǹdè ṣiṣẹ́ rárá. Àwọn mìíràn á ní ẹlẹ́wọ̀n ṣáà ni wọ́n, ṣé kí wọ́n kàn máa jẹun kí wọ́n máa sùn ni? Ìhà méjèèjì ló ṣì í gbà. Òfin àgbáyé gbà kí wọ́n mú òǹdè ogun ṣiṣẹ́, ó sì ti gbà bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣùgbọ́n ó sọ irú ẹni tí wọ́n lè mú ṣiṣẹ́, irú iṣẹ́ tí wọ́n lè gbé fún un, iye wákàtí tí yóò fi ṣe é àti owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ san. Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ náà di rúdurùdu ni pé orúkọ ni ààbò yìí so mọ́. Ohun tí akọ̀wé ibùdó bá kọ síwájú ènìyàn lọ́jọ́ tó dé ló ń sọ irú òfin tí yóò bò ó, ìjọba tó bá sì fẹ́ lo ènìyàn bí ẹrú, orúkọ yẹn ló kọ́kọ́ máa ń yí padà.

Ta ni òǹdè ogun, ta sì ni kì í ṣe òǹdè ogun?

Ọ̀rọ̀ tí à ń lò fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń rú wa lójú. “Ẹlẹ́wọ̀n ogun” ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n létí wa ni ẹni tó ṣẹ̀, tí adájọ́ dá lẹ́bi, tó sì ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Òǹdè ogun kò ṣẹ̀. Ọmọ ogun tó wọ aṣọ orílẹ̀-èdè rẹ̀, tó jà bí òfin ogun ṣe là á sílẹ̀, tí ọwọ́ ọ̀tá wá tẹ̀ ẹ́, kò jẹ̀bi ohunkóhun nítorí pé ó jà. Ìdí kan ṣoṣo tí wọ́n fi dá a dúró ni kó má baà padà sójú ìjà. Bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń jà ni: wọ́n lè fi ọ̀bẹ náà pamọ́ títí ìjà yóò fi rọlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a sí méjì, wọn kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di tiwọn.

Ohun méjì tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ló ti inú èrò yìí jáde. Àkọ́kọ́ ni pé òǹdè tó bá gbìyànjú láti sá kúrò ní ibùdó kò dá ọ̀ràn. Bí wọ́n bá rí i mú, ìjìyà kékeré tí kò gbọdọ̀ ju 30 ọjọ́ lọ ni wọ́n lè fún un, nítorí ohun tí ọmọ ogun yóò fẹ́ ṣe náà nìyẹn. Èkejì ni pé òǹdè kì í ṣe ti ṣọ́jà tó mú un, kì í sì í ṣe ti ọ̀gá ibùdó. Ọrùn ìjọba orílẹ̀-èdè tó mú un ni ẹrù rẹ̀ wà, ìjọba náà ni yóò sì dáhùn bí ohunkóhun bá ṣe é.

Àwọn mẹ́ta mìíràn wà tí wọ́n máa ń kó pọ̀ mọ́ òǹdè ogun. Ará ìlú tí wọ́n há mọ́ ni ẹni tí kì í ṣe ọmọ ogun rárá, bí àpẹẹrẹ àlejò tó ń gbé nílẹ̀ ọ̀tá nígbà tí ogun bẹ́, tí wọ́n kó sí ibùdó nítorí pé wọn kò fọkàn tán an. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi ipá kó ni ará ìlú tí àwọn ọmọ ogun gbà ilẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n wá kó o lọ síbi iṣẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà sí ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni inú àgọ́ ìṣẹ́níníṣẹ̀ẹ́ ni ẹni tí wọ́n jù sí àtìmọ́lé láìsí ẹjọ́, láìsí ọjọ́ ìdásílẹ̀, nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí ìṣèlú rẹ̀. Ní ti èyí, àwọn tó kó o síbẹ̀ kò tilẹ̀ díbọ́n pé òfin kankan bò ó.

Iṣẹ́ ipá ńkọ́? Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ti túmọ̀ rẹ̀ láti ọdún 1930: iṣẹ́ tí ènìyàn kò yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún, tó ń ṣe nítorí pé ìjìyà ń dúró dè é bó bá kọ̀. Bí a bá fi ojú yìí nìkan wò ó, iṣẹ́ òǹdè ogun náà jẹ́ iṣẹ́ ipá, nítorí kò sẹ́ni tó bi í bó bá wù ú. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òfin yọ̀ǹda ìwọ̀n kan fún àwọn tó mú un, ó sì fa ìlà sí etí rẹ̀.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n lè gbé fún un?

Àwọn ìlànà The Hague ti ọdún 1907 ti mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà ní ṣókí, Àdéhùn Geneva ti ọdún 1929 là á díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n Àdéhùn Geneva Kẹta ti ọdún 1949, tí ó ní abala 143, ni gbogbo ayé ń lò lónìí. Ìpò ni ó kọ́kọ́ wò. Ọmọ ogun lásán tí ara rẹ̀ dá ni wọ́n lè pàṣẹ fún pé kó ṣiṣẹ́. Sájẹ́ǹtì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe ju kí wọ́n máa bójú tó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ, àyàfi tí àwọn fúnra wọn bá tọrọ iṣẹ́ mìíràn. Ní ti ọ̀gágun, ó lè béèrè iṣẹ́ bí àìníṣẹ́ bá sú u, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ fi dandan mú un lọ́nàkọnà.

Lẹ́yìn ìpò, irú iṣẹ́ ló kàn. Oko ríro kò ní ìdíwọ́ kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ọwọ́, kárà-kátà, iṣẹ́ ilé àti wíwa kùsà, bí ààbò bá wà níbẹ̀. Ilé kíkọ́, ọ̀nà ṣíṣe àti ẹrù kíkó dára bí kò bá ti ní í ṣe pẹ̀lú ogun. Ilé iṣẹ́ tó ń rọ irin, tó ń ṣe ẹ̀rọ tàbí tó ń po kẹ́míkà ni òfin dárúkọ tó sì yọ sọ́tọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìbọn, ọkọ̀ ogun àti ẹ̀tù ti ń jáde. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ ọta tí wọn yóò fi pa àbúrò rẹ̀. Iṣẹ́ tó léwu fún ẹ̀mí tàbí fún ìlera náà jẹ́ èèwọ̀ àyàfi fún ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀, abala 52 sì sọ ọ́ ní kedere pé híhú bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ wà lára iṣẹ́ tó léwu. A óò rí ohun tó mú wọn dárúkọ rẹ̀ láìpẹ́.

Àwọn àgbà ní ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru. Àwọn tó kọ òfin yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbìyànjú láti dí i lọ́nà. Wákàtí iṣẹ́ òǹdè kò gbọdọ̀ ju ti àwọn òṣìṣẹ́ ará ìlú ní àdúgbò ibẹ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà lọ. Ó gbọ́dọ̀ sinmi fún wákàtí kan ó kéré tán lọ́sàn-án, kí ó sinmi fún wákàtí 24 gbáko lọ́sẹ̀, kí ó sì gba ìsinmi ọjọ́ 8 tí wọn yóò sanwó rẹ̀ bó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún kan. Owó ojúmọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin owó fráǹkì kan ti Switzerland. Owó yìí kéré jọjọ, kò sì sí bí a ṣe lè ṣe é tí yóò fi di owó oṣù gidi. Lójú tèmi, ohun tó ń ṣe ju pé kó mú òǹdè lówó lọ́wọ́: ó ń mú kí àwọn tó mú un máa kọ ọjọ́ tó ṣiṣẹ́ sílẹ̀ nínú ìwé, ìwé náà sì ni ẹ̀rí bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́ lọ́la.

Ní ti ará ìlú tí wọ́n há mọ́, Àdéhùn Kẹrin ti ọdún 1949 kan náà sọ pé iṣẹ́ tó bá wù ú nìkan ni yóò ṣe. Ará ilẹ̀ tí ogun gbà, bó bá ti lé ní ọdún 18, ni wọ́n lè mú ṣe irú iṣẹ́ tó ń mú kí ìlú máa rìn, ṣùgbọ́n nínú ilẹ̀ rẹ̀ ni, wọn kò sì gbọ́dọ̀ kó o lọ sí orílẹ̀-èdè tiwọn.

Àwọn orúkọ wo ni wọ́n fi yẹ òfin sílẹ̀?

Jámánì fọwọ́ sí àdéhùn ti ọdún 1929, nítorí náà kò lè sọ pé òun kò mọ òfin. Ọgbọ́n tó dá nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni pé òfin wà, ṣùgbọ́n kò bo lágbájá.

Pólàǹdì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Pólàǹdì tí ọwọ́ Jámánì tẹ̀ ní ọdún 1939 tó nǹkan bí 400,000. Ìjọba Jámánì ní kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó ń jẹ́ Pólàǹdì mọ́, nítorí náà kò sí òǹdè ogun tó jẹ́ ti Pólàǹdì. Ní ọdún 1940 wọ́n “dá” ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sílẹ̀, wọ́n bọ́ aṣọ ológun lọ́rùn wọn, wọ́n sì sọ wọ́n di òṣìṣẹ́ ará ìlú lórí ilẹ̀ Jámánì ní ọjọ́ kan náà. Ẹni tó jẹ́ òǹdè lánàá, tí Àjọ Alágbèélébùú Pupa (Red Cross) lè bẹ̀ wò, di ẹni tí ó ń lẹ lẹ́tà P mọ́ àyà aṣọ rẹ̀, tí kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ èrò láìgba ìwé àṣẹ, tí kò sì gbọ́dọ̀ bá ará Jámánì jọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣí fún un kì í ṣe ìlẹ̀kùn òmìnira.

Ní ti àwọn ọmọ ogun Faransé, wọ́n fi oyin sí i. Láti ọdún 1943, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ lè “yí padà” di òṣìṣẹ́ ará ìlú, kó gba owó iṣẹ́ tó tọ́, kó sì jáde kúrò nínú wáyà ibùdó. Ó lé ní 200,000 tó gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn kò sọ létí wọn kíkankíkan ni pé wọn kò ní padà sílé, àti pé ẹni tó bá ti bọ́ orúkọ òǹdè sílẹ̀ ti bọ́ ààbò tó rọ̀ mọ́ ọn sílẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n sì lè mú un lọ sí ilé iṣẹ́ ohun ìjà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Ítálì tún yàtọ̀. Ọ̀rẹ́ Jámánì ni wọ́n títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 1943, nígbà tí ìjọba Ítálì túúbá fún àwọn ọ̀tá Jámánì. Ọmọ ogun Jámánì gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn tó jẹ́ alábàáṣiṣẹ́ wọn lánàá, wọ́n sì bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì fẹ́ máa bá àwọn jà nìṣó. Ó lé ní 600,000 tó kọ̀. Hitler pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe pè wọ́n ní òǹdè ogun, kí wọ́n máa pè wọ́n ní “ológun tí a há mọ́”. Orúkọ tuntun ni, kò sí nínú ìwé òfin kankan, ìdí tí wọ́n sì fi dá a sílẹ̀ nìyẹn. Àpótí oúnjẹ Àjọ Alágbèélébùú Pupa tó ń dé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kò dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì kó wọn sínú kùsà àti sí ilé iṣẹ́ ohun ìjà. Àwọn tó kú nínú wọn tó 40,000 sí 50,000.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí orúkọ ṣe níkà tó àwọn ọmọ ogun Soviet. Ìjọba Soviet kò fọwọ́ sí àdéhùn ti 1929, Jámánì sì di èyí mú gẹ́gẹ́ bí àwáwí. Nǹkan bí mílíọ̀nù 5.7 ni wọ́n mú láàárín ọdún 1941 sí 1945, nǹkan bí mílíọ̀nù 3.3 ló sì kú. Nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ti kú kí oṣù kejì ọdún 1942 tó parí, ọ̀pọ̀ wọn ní gbalasa pápá tí wọ́n fi wáyà yí ká, tí kò ní òrùlé, nínú òtútù tí ń mú omi dì. Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1941, ọ́fíìsì Ọ̀gágun Wilhelm Canaris, tó ń darí àwọn amí ológun Jámánì, kọ̀wé pé bí àdéhùn kò tilẹ̀ bo àwọn ará Soviet, àṣà ogun tó ti wà tipẹ́ kò gbà kí wọ́n pa ẹni tí kò lágbára mọ́. Wilhelm Keitel, ọ̀gá àgbà nínú àwọn ológun Jámánì, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sára ìwé náà pé èrò ogun àwọn ọmọlúàbí ayé àtijọ́ nìyẹn, pé ìparun ìgbàgbọ́ kan ni èyí dá lé. Ìgbà tó di òpin ọdún yẹn ni Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun nílò òṣìṣẹ́, nígbà tí àwọn tí ì bá ṣe é ti ń bẹ nínú kòtò.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wé àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà tí Jámánì àti Ítálì mú: nǹkan bí 4 nínú 100 wọn ló kú. Ìjọba kan náà, ọdún kan náà, nígbà mìíràn ibùdó tó kọjú síra wọn.

Yàtọ̀ sí àwọn òǹdè, mílíọ̀nù àwọn ará ìlú ni Fritz Sauckel, tí Hitler fi ṣe olórí ètò òṣìṣẹ́, kó láti ilẹ̀ tí Jámánì gbà. Àwọn tó ti apá ìlà-oòrùn wá ń lẹ ọ̀rọ̀ OST, tó túmọ̀ sí ìlà-oòrùn, mọ́ aṣọ. Sauckel fúnra rẹ̀ sọ níbi ìpàdé kan ní ọdún 1944 pé nínú mílíọ̀nù márùn-ún tó ti wọ Jámánì, àwọn tó wá tìfẹ́tìfẹ́ kò tó 200,000. Nísàlẹ̀ pátápátá ni àwọn inú àgọ́ ìṣẹ́níníṣẹ̀ẹ́ wà, irú àwọn tó ń gbẹ́ ihò abẹ́ òkè ní Mittelbau-Dora tí wọ́n sì ń to rọ́kẹ́ẹ̀tì V-2 níbẹ̀. Níbẹ̀, iṣẹ́ náà ni ohun ìpànìyàn.

Báwo ni iṣẹ́ ṣe ń pa ènìyàn? Ẹ wo ojú irin Bọ́mà

Ìjọba Jàpáànù fọwọ́ sí àdéhùn 1929 ṣùgbọ́n kò fi òǹtẹ̀ ìkẹyìn lù ú. Ní ọdún 1942 ó ní òun yóò máa tẹ̀ lé e “pẹ̀lú àyípadà tó bá yẹ”. Inú àyípadà tó bá yẹ yìí ni ojú irin láti Ban Pong ní Tàìláǹdì dé Thanbyuzayat ní Bọ́mà wọ̀, nǹkan bí kìlómítà 415 la igbó àti òkè já. Àwọn ọmọ ogun Jàpáànù nílò rẹ̀ láti fi kó ẹrù ogun nítorí pé ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ọ̀tá ń rì ọkọ̀ wọn lójú òkun. Ẹ rí i pé ibi ìpìlẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti lòdì sí òfin: iṣẹ́ ogun gan-an ni.

Níbi tí wọ́n ti gé òkúta ní Konyu, tí àwọn òǹdè sọ ní Ọ̀nà Iná Ọ̀run Àpáàdì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń lu òkúta. Ẹnì kan á di irin gígùn mú ní òró, ẹnì kejì á gbé òòlù lé e lórí. Lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan, ẹni tó di irin mú á yí i díẹ̀, á da omi díẹ̀ sínú ihò kí eruku lè di ẹrẹ̀ tí wọ́n lè fà jáde. Bí ihò bá ti jìn tó, wọ́n á ti dínámáìtì bọ̀ ọ́, òkúta á fọ́, àwọn mìíràn á sì fi ọwọ́ àti apẹ̀rẹ̀ kó o dànù. Mítà kan lóòjọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni méjì, lẹ́yìn náà wọ́n ń fi kún un. Nígbà tí wọ́n ní dandan kí iṣẹ́ parí kíákíá ní ọdún 1943, wọ́n ń ṣe é mọ́jú lábẹ́ iná ọparun, ìmọ́lẹ̀ yẹn tó ń jó lára àwọn ènìyàn tí ó ti ku egungun ló fa orúkọ ibẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé wò dáadáa ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ á ránṣẹ́ pé iye ènìyàn báyìí ni àwọn fẹ́ lónìí. Dókítà tí òun náà jẹ́ òǹdè á kó àwọn aláìsàn jáde, á máa tọ́ka: eléyìí ibà ń ṣe é, eléyìí ìgbẹ́ ọ̀rìn, eléyìí onígbáméjì, egbò ẹsẹ̀ eléyìí ti jẹ dé eegun. Bí iye tó ṣẹ́ kù kò bá pé, wọ́n á fi aláìsàn dí i. Edward Dunlop, dókítà iṣẹ́ abẹ ará Ọsirélíà, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó di olókìkí nítorí bí wọ́n ṣe dúró láàárín aláìsàn àti olùṣọ́ lójoojúmọ́. Síbí tí wọ́n pọ́n létí ni wọ́n fi ń ha egbò, ọparun ni wọ́n fi ń ṣe irin iṣẹ́ ìwòsàn. Ẹni tí kò bá sì lè ṣiṣẹ́, wọ́n á dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìpànìyàn náà wà: àìsàn á dín oúnjẹ kù, oúnjẹ tó dín kù á fi kún àìsàn, kò sì sẹ́ni tó ní láti yìnbọn fún ẹnikẹ́ni.

Nínú àwọn òǹdè tó lé ní 60,000 tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó lé ní 12,000 tó kú kí irin méjèèjì tó pàdé ní oṣù kẹwàá ọdún 1943 àti lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ará Éṣíà, láti Bọ́mà, Málàyà, Jáfà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn, tí wọ́n tàn tàbí tí wọ́n fi ipá kó wá, pọ̀ ju àwọn òǹdè lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, àwọn tó kú nínú wọn sì tó 90,000 bí ọ̀pọ̀ ṣe ṣírò rẹ̀. Wọn kò ní dókítà, wọn kò ní ọ̀gá tó lè bá olùṣọ́ jiyàn, wọn kò sì ní akọ̀wé tó ń kọ orúkọ òkú sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iye àwọn òǹdè tó kú fi jẹ́ iye tí wọ́n kà, tí tiwọn sì jẹ́ iye tí wọ́n fojú bù.

Àwọn tó borí ńkọ́, ọwọ́ wọn mọ́ bí?

Rárá o. Nígbà tí Jámánì túúbá ní oṣù karùn-ún ọdún 1945, mílíọ̀nù àwọn ọmọ ogun rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn aṣẹ́gun lẹ́ẹ̀kan náà. Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì náà wá dá orúkọ tuntun sílẹ̀: wọ́n ní ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe òǹdè ogun, wọ́n jẹ́ “ọmọ ogun ọ̀tá tí ó ti túúbá”, nítorí pé wọn kò mú wọn lójú ìjà. Ní Dẹ́ńmáàkì, irú àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kó lọ sí etíkun láti hú bọ́ǹbù tó ju mílíọ̀nù kan lọ tí Jámánì rì sábẹ́ iyanrìn, ọ̀pọ̀ wọn sì kú síbẹ̀ tàbí kí wọ́n pàdánù ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ènìyàn lè ní àwọn tó rì í ló yẹ kó hú u. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fún ní ọ̀pá lọ́wọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹni tó rì í.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí 400,000 ará Jámánì ló ṣì ń ṣiṣẹ́, púpọ̀ wọn lóko, ní ọdún 1946, ọdún kan gbáko lẹ́yìn ogun. Ọdún 1948 ni wọ́n tó parí dídá wọn padà. Ìjọba Soviet di tirẹ̀ mú pẹ́ jù: àwọn tó kẹ́yìn kò délé títí Konrad Adenauer, olórí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn Jámánì, fi lọ sí Moscow ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1955 láti lọ bẹ̀bẹ̀ fún wọn. Nínú nǹkan bí 600,000 ará Jàpáànù tí wọ́n kó lọ sí Siberia, nǹkan bí 60,000 kò padà.

Faransé tilẹ̀ hùwà ìkà sí àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ tó ti jẹ́ òǹdè. Àwọn ará Áfíríkà tó jà fún un ní ọdún 1940, tí Jámánì sì há mọ́ lórí ilẹ̀ Faransé fún ọdún mẹ́rin, dé Thiaroye lẹ́bàá Dakar ní òpin ọdún 1944, wọ́n sì béèrè owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá, àwọn ọmọ ogun Faransé yìnbọn fún wọn. Ènìyàn 35 ni Faransé ní ó kú nígbà náà, kò sì sí òpìtàn púpọ̀ tó gba iye yẹn gbọ́. Ọdún 2024 ni ààrẹ Faransé tó pè é ní ìpakúpa.

Kí ni òfin tuntun fi dí àwọn ihò náà?

Ẹni tó bá mọ ìtàn tí mo sọ yìí yóò rí i pé àdéhùn 1949 jọ aṣọ tí wọ́n lẹ̀: ibi tó ti ya ni wọ́n lẹ̀. Nítorí àwọn ará Faransé tí wọ́n “yí padà”, abala 7 sọ pé òǹdè kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Nítorí “ọmọ ogun tí ó ti túúbá”, abala 5 kò sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí wọ́n mú lójú ìjà mọ́, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ti bọ́ sí agbára ọ̀tá. Ó sì fi kún un pé bí iyèméjì bá wà lórí ẹni tí ènìyàn jẹ́, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ bí òǹdè ogun títí ìgbìmọ̀ tó lẹ́tọ̀ọ́ yóò fi dájọ́. Nítorí etíkun Dẹ́ńmáàkì àti irú rẹ̀ ní Faransé, bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ wọ abala 52. Nítorí Siberia, abala 118 ní kí wọ́n dá òǹdè sílẹ̀ láìjáfara bí ìjà bá ti dáwọ́ dúró.

Abala 118 yìí mú wàhálà tirẹ̀ wá, torí kò sọ ohun tí wọn yóò ṣe fún ẹni tí kò fẹ́ padà sílé. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan fa ìjíròrò àlàáfíà ogun Kòríà sẹ́yìn fún ohun tó ju ọdún kan lọ.

Kí ló dé tí káàdì kékeré fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí òǹdè bá dé ibùdó, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kọ káàdì kan ránṣẹ́ sí ilé rẹ̀, kó sì kọ òmíràn sí ọ́fíìsì tí Àjọ Alágbèélébùú Pupa ń bójú tó, pé òun wà láàyè, pé ibùdó báyìí ni òun wà. Tí wọ́n bá ń bi í léèrè, orúkọ rẹ̀, ìpò rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ni dandan kó sọ. Àwọn aṣojú àjọ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ibùdó àti ibi iṣẹ́, kí wọ́n sì bá òǹdè sọ̀rọ̀ láìsí olùṣọ́ nítòsí. Èyí dà bí ọ̀rọ̀ ìwé lásán, ṣùgbọ́n ìwé yìí ni ògiri tó wà láàárín òǹdè àti ẹrú. Nígbà tí ìròyìn bá ní orílẹ̀-èdè kan kò jẹ́ kí Àjọ Alágbèélébùú Pupa rí àwọn tó mú, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè kà wọ́n, ẹni tí wọn kò bá sì kà, bó bá kú sẹ́nu iṣẹ́, kò sí iye tí yóò dín.

Owó gbà-má-bínú: ta ló gbà á?

Ilé ẹjọ́ Nuremberg, tó dá ẹjọ́ àwọn olórí Jámánì lẹ́yìn ogun, pàṣẹ kí wọ́n yẹgi fún Sauckel àti Keitel ní ọdún 1946. Albert Speer, tó ń gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ Sauckel fún ilé iṣẹ́ ohun ìjà, gba ẹ̀wọ̀n 20 ọdún. Owó ni ó pẹ́. Ọdún 2000 ni ìjọba Jámánì àti àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó dá àpò kan sílẹ̀, bílíọ̀nù 10 owó máàkì, fún àwọn tí wọ́n fi ipá mú ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìsanwó náà fi parí ní ọdún 2007, ó ti sanwó fún ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 1.6 ní orílẹ̀-èdè tó sún mọ́ 100. Ṣùgbọ́n òfin tó dá a sílẹ̀ sọ pé wíwà ní ipò òǹdè ogun nìkan kò sọ ènìyàn di ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó náà, níwọ̀n bí òfin ti gbà kí wọ́n mú òǹdè ṣiṣẹ́.

Àwọn ará Ítálì tó ṣì wà láàyè kọ̀wé béèrè. Wọ́n ní àwọn kò jẹ́ òǹdè ogun, Hitler ti kọ̀ fún àwọn pé àwọn kì í ṣe é, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi lo àwọn nílò ẹrú. Ní ọdún 2001, amòfin tí ìjọba Jámánì bi léèrè dáhùn pé àṣẹ Hitler kò bá òfin mu, nítorí náà kò lè yí ohunkóhun padà: òǹdè ogun ni wọ́n jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọn kò fún wọn ní kọ́bọ̀. Mo ti ka ìdáhùn yẹn lọ ka bọ̀, n kò rí àṣìṣe kankan nínú ìmọ̀ òfin rẹ̀, n kò sì tíì rí ẹni tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún tí kò mi orí. Àwọn kan gbé Jámánì lọ sí ilé ẹjọ́ ní Ítálì, wọ́n sì jàre níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2012 Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague dájọ́ pé ilé ẹjọ́ orílẹ̀-èdè kan kò lè pe orílẹ̀-èdè mìíràn lẹ́jọ́ lórí ohun tí ọmọ ogun rẹ̀ ṣe nínú ogun.

Àwọn ọmọ ogun Soviet náà wà lára àwọn tí òfin ọdún 2000 yọ sílẹ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 2015 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Jámánì tó ya mílíọ̀nù 10 owó yúrò sọ́tọ̀ fún àwọn tó kù, 2,500 yúrò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àádọ́rin ọdún ti kọjá lẹ́yìn ogun, àbíkẹ́yìn wọn ti ń sún mọ́ ẹni 90 ọdún. Ọmọ wọn tàbí opó wọn kò lè gbà á. Nígbà tí ètò náà ṣì ń lọ, ẹni tó bá ṣì wà láàyè ló ní láti fọwọ́ sí ìwé ìbéèrè náà, kó sì fi hàn pé òǹdè ogun ni òun jẹ́ nígbà ogun.